Ìbọ̀sẹ̀ Tí Ẹ Hun Fún Mi

Ilé Ọ̀gá Gommaer,
Antwerp.
Ọjọ́ kejì ọdún Lúùkù Mímọ́.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo nírètí pé ikọ́ yín ti lọ, àwọn àgùntàn wa sì wà lálàáfíà. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni ibí yìí kò tíì mọ́ lára.

Iṣẹ́ ibí yìí ń yà mí lẹ́nu. Ọ̀gá fi irin ṣóńṣó fín ẹ̀yìn arúgbó apẹja kan sára bàbà pẹlẹbẹ, a fi tàdáwà pa á, a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ìlà dúdú lásán ni, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bíi kí n fìka tẹ ẹran ara náà wò bóyá á rọ̀.

Nígbà tó kàn mí, Ọ̀gá ní kí n fín ẹsẹ̀ kan. Gbogbo ìlà mi tọ́ gbọnrangandan. Ó gbé bébà náà sókè: "Digna, ẹsẹ̀ èèyàn rèé àbí ẹsẹ̀ àga?" Wouter tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ ká kàn án mọ́ tábìlì, Ọ̀gá, èyí tá a ní ti ń mì." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wá ní tí n kò bá rí ẹsẹ̀ gidi fín títí di ọdún Lúùkù Mímọ́, ọdún àwa oníṣẹ́ ọnà, òun á dá mi padà sílé. Mi ò lè kọ ọ́ sí yín nígbà náà.

Mo ba bàbà mẹ́ta jẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò pa mí bọ̀ láti ọjà ẹja. Mo na ẹsẹ̀ síwájú iná kí ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ hun fún mi lè gbẹ, ojú mi sì bọ́ sórí ìlà ìhun yín. Lójúgun, wọ́n sún mọ́ra. Níbi tí ẹran ẹsẹ̀ ti yọ lẹ́yìn, wọ́n yàgò fúnra wọn, wọ́n tẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó tọ́. Ìyá mi, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé!

Mi ò bọ́ ọ. Mo gbé bàbà sórí ìrọ̀rí awọ, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń yí ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, mo sì ń fín ìlà yí ẹsẹ̀ ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lánàá, Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́. Wouter ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Eléyìí á gba bàtà o." Ọ̀gá ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Mo ní, "Ìyá mi ni, sà." "Níbo ni ìyá ẹ ti kọ́ṣẹ́?" Ìtìjú ò jẹ́ n ṣàlàyé, mo kàn bọ́ bàtà, mo na ẹsẹ̀ jáde tòun ti ìbọ̀sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìhun náà pẹ́. Ó ní, "Kọ̀wé sí i pé o ò ní wálé Kérésì. Iṣẹ́ pọ̀."

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ yín gbọ̀n láéláé, kí iná má kú nínú ààrò yín.

Èmi ni, ọmọ yín tí ìhun yín ń bò,
Digna.

Àfikún: Gìgísẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ òsì ti lu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ hun òmíràn. Ọ̀gá ti gbé èyí tó lu náà lọ, ó ní òun ṣì ń wò ó.