Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Pamọ́ Sábẹ́ Àwòrán Àdìrẹ Ìyá Mi

Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìyàwó mi pàápàá ò tíì gbọ́... Mo ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú slide àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ náà á dójú tì í, mo sì fẹ́ kó dójú tì í.

Òwu nilé wa, àdìrẹ là ń tà. Ìyàwó méjì ni bàbá wa fẹ́. Ìyá tèmi ni ìyáálé, àwọn nìkan ló mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yà nínú ilé wa, ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n rì bọ ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń yà á. Ọ̀kan wà tí wọ́n pè ní Ìgbín Kọ́bapẹ́, torí oko wa ní Kọ́bapẹ́ ni wọ́n ti jókòó wo ìgbín lẹ́yìn òjò, tí wọ́n sì yà á bó ṣe ń wọ́ lọ. Èmi ni mo di abọ́ ẹ̀kọ mú fún wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run fi Alujanna kẹ́ wọn.

Àbúrò mi, ọmọ ìyàwó kejì, ọ́fíìsì ló ń lọ l'Ékòó. Ó rí àwọn tó fẹ́ máa ra aṣọ wa lọ sókè òkun, Sátidé yìí ni wọ́n ń bọ̀ nílé wa, gbogbo ẹbí ló máa jókòó. Olùkọ́ ni mí, mo mọ slide ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ó ní kí n ṣe èyí tí a ó fi aṣọ náà hàn wọ́n lára ògiri, mo ṣe é. Ló bá ní kí n yọ orúkọ ìyá mi tó ya àwọn aṣọ náà, kí n fi ti ìyá òun sí i. Mo ní kí ló dé? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òkú ò lè bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ta ló máa wádìí?"

Mo ní ó dáa... ẹ gbọ́ o, mo ní ó dáa. Orúkọ tó fẹ́ ni mo kọ sójú slide. Àmọ́ mo so líǹkì mọ́ àwòrán aṣọ kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ọ̀rọ̀ sí i, èyí tí kì í hàn àfi tí ọfà mouse bá dúró lórí àwòrán. Ìgbà yẹn ni àpótí kékeré á yọ, tí gbogbo ilé á kà á lára ògiri: "Irọ́ ló ń pa. Ìyá rẹ̀ ò ya àdìrẹ rí. Ó jí i lọ́wọ́ òkú." Àwòrán mọ́kànlá, mọ́kànlá ni mo kọ ọ́ sí. Ta ló sì ní kó di mouse mú, kí òun lè dúró níwájú bí ọ̀gá? Èmi. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mi ò ní purọ́, oorun ayọ̀ ni mo sùn.

Àfi bí Ìyá Kékeré, ìyá rẹ̀, ṣe pè mí sọ́dọ̀ lánàá. Àwọn ló wẹ ìyá mi, tí wọ́n bọ́ wọn, títí ẹ̀mí fi bọ́. Wọn ò mọ ohun tí ọmọ wọn ṣe. "Ọkọ mi" ni wọ́n ń pè mí, torí wọ́n ti bí mi kí bàbá wa tó fẹ́ wọn wọlé. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ọkọ mi, wọn ó gbọ́ orúkọ ìyáálé mi lọ́jọ́ Sátidé, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.

Iwájú gan-an ni wọ́n máa jókòó sí. Wọn ò mọ̀wé, àwọn ọmọ ilé ni yóò ka àpótí yẹn sí wọn létí... ìyá olè. Ṣé kí n pa á rẹ́, kí irọ́ wá jókòó lé orí ìyá mi? Ṣé kí n gbé ọfà náà dúró lórí àwòrán? Ẹ má sọ fún mi pé kí n dárí jì í o, ìyẹn ò sí níbẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀bẹ á gbà gún ọmọ láì kan ìyá ni mò ń bi yín. Ẹ tètè dá mi lóhùn, ọwọ́ mi ni mouse máa wà.