Wọ́n Ní Ìyá Oyin Wà Nílé

Sí Ameerah, Àníkẹ́ mi, ọmọ ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀,

Àsàlámù àléékùn. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé Abẹ́òkúta ń gbè ọ́, ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu, ṣé orí kì í fọ́ ọ mọ́ tí o bá ti kàwé pẹ́? Tèmi kò burú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Orúnkún òsì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ojú ṣì ń ríran, eyín tó kù kò tíì sọ pé òun ń lọ. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí n gbọ́ burúkú nípa rẹ, kí ìwọ náà má gbọ́ tèmi.

Rodiat tó ń wá bá màmá rẹ fọ aṣọ ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ìdí tábìlì tó ti ń lọ aṣọ ló jókòó sí. Mo ti sọ fún un pé kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má bá mi fi ṣúgà sí i. Wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Ohùn tí mo rán sí ọ lọ́jọ́sí ńkọ́? Mo rò pé ìwọ ni mo rán an sí, àṣé inú gúrúùpù ẹbí ni mo jù ú sí. Gbogbo wọn pátá ló gbọ́ pé mo ní ọbẹ̀ màmá rẹ níyọ̀ jù. Látìgbà náà, bí mo bá gbé fóònù sétí báyìí, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ìwé kì í pariwo. Dírẹ́bà kan tí Rodiat mọ̀ ní gáréèjì ló máa mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ.

O mọ̀ pé ilé yìí ni ikú ti bá wa. Wọ́n gbé bàbá àgbà yín wá sí Ìkòròdú láti Ejinrin pé kí dókítà wò wọ́n, wọn ò sì fẹsẹ̀ ara wọn padà. Bàbá rẹ ní àáfà sọ pé ibi tí ìròyìn ikú ọkọ bá ti bá obìnrin ni kó jókòó sí ṣe opó rẹ̀. Mo ní kò burú, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni. Mo jókòó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, mi ò rékọjá géètì. Wọ́n ṣàdúà ìjáde opó, mo wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ, mo di ẹrù mi sínú báàgì. Báàgì náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá,” ni bàbá rẹ ń wí. A ti gba ààwẹ̀, a ti jẹran Iléyá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò tíì dé.

Láàárọ̀, kí n tó kí ìrun Sùbúù tán, bàbá rẹ àti màmá rẹ ti wọ mọ́tò, wọ́n ti forí lé Èkó. Wọ́n á ti géètì, wọ́n á mú kọ́kọ́rọ́ lọ nítorí olè. Màmá rẹ á ti gbé kúlà méjì sórí tábìlì fún mi, ọ̀kan ti àárọ̀, ọ̀kan ti ọ̀sán. Ẹran wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀. Ebi ò pa mí rí nílé yìí, kí Ọlọ́hun má gba ìyàwó ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ di alẹ́, ògiri ni mò ń kí. Inú ẹsitéètì yìí, o ò lè gbọ́ kí aládùúgbò húkọ́.

Bàbá rẹ tún gbé kámẹ́rà kan sórí tẹlifíṣọ̀n, kó lè máa rí mi láti ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kan ó sú mi, mo tú gèlè mi, mo fi bò ó lójú. Mi ò tíì jókòó tán tí fóònù fi dún. “Màmá! Màmá! Ṣé ẹ ti ṣubú?” Mo ní, “Ta ló ṣubú? Mo fẹ́ họra ni.” Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká aṣọ yẹn kúrò.” Mo ní, “Ìwọ Salman, nígbà tí mò ń wẹ̀ ọ́ níhòòhò lójú gbogbo ará Ejinrin, ṣé ẹnikẹ́ni fi aṣọ bò ọ́?” Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò gbé fóònù sílẹ̀ títí mo fi ká a.

Mi ò bá a jà. Mo mọ ohun tó ń dà á láàmú. Abẹ́ àpótí oyin ni bàbá àgbà yín ṣubú sí lọ́jọ́ tí mo lọ sọ́jà Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà nílẹ̀ títí Zikrullah ọlọ́kọ̀ ojú omi fi wá ra oyin, tó bá wọn níbẹ̀. Òun ló pe bàbá rẹ. Lọ́jọ́ tí mo jáde opó, bàbá rẹ di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Màmá, mi ò lè tún gba irú ìpè yẹn mọ́.” Omi kún ojú ẹ̀. Kí ni ìyá fẹ́ sọ fún ọmọ tó ń sunkún? Mo ní kò burú.

Ẹ̀rọ tìrẹ ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ lo lọ sí Ejinrin, tí o fi ẹ̀rọ kékeré tí kò ju èkùrọ́ lọ sínú àpótí oyin kọ̀ọ̀kan, tí o fi ọ̀dà funfun tọ́ ìyá oyin lẹ́yìn kí o lè dá a mọ̀. Ẹ̀rọ ń gbọ́ wọn lọ́hùn-ún, fóònù ń jíṣẹ́ fún mi níbí. Bí iná bá rí bí ewé, ìyá oyin wà nílé, ara ẹ̀ le. Bó bá rí bí epo, nǹkan ti ṣe é. Bí mo bá sì tẹ àwòrán etí, màá máa gbọ́ ohùn wọn. Àníkẹ́, ní gbogbo ìgbà opó yẹn, ohùn yẹn ni mo fi ń sùn. Bí àwọn kan ṣe ń gbọ́ rédíò, èmi ń gbọ́ ilé ọkọ mi. Kí Ọlọ́hun san án fún ọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí o fi ṣàánú mi ni wọ́n fi so mí mọ́lẹ̀. Bí mo bá ti ní mo fẹ́ lọlé, màmá rẹ á ní, “Màmá, kí lẹ fẹ́ lọ wò? Ṣebí gíríìnì ló ń tàn.” Bàbá rẹ á ní, “Gbogbo Ejinrin ló wà nínú fóònù yín.” Mo bi í pé, “Ìwọ gan-an, ṣé inú fóònù ni mo bí ọ sí?” Ó ní, “Màmá, mo ṣèlérí. Ọjọ́ tí iná yẹn bá di pupa, ọjọ́ náà gan-an ni màá gbé yín lọ, bí mo tiẹ̀ wà níbi iṣẹ́.” Látìgbà náà, ojú iná yẹn ni mò ń wò.

Nígbà òjò tó rọ̀ tí kò dá yìí, mo gbọ́ ohùn kan nínú àpótí ìdí àgbọn. Ó ń ké kín-ún, kín-ún, kín-ún, bí ọmọdé tó ń fọn fèrè ìbẹ́pẹ. Èmi tí mo bá bàbá àgbà yín ṣe oyin títí irun mi fi funfun, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí, mo pè ọ́. O rẹ́rìn-ín. O ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyá oyin tuntun ni. Ó ti gbó nínú yàrá ẹ̀, ó fẹ́ jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ni ò jẹ́. Òjò ò jẹ́ kí ìyá àgbà ráyè gbéra, wọn ò sì ní ṣílẹ̀kùn fún ọmọ títí àgbà á fi lọ.” Mo bi ọ́ pé ṣé ebi ò ní pa á níbẹ̀. O ní rárá, wọ́n dá ihò kékeré sí i lára, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un lóúnjẹ. Mo wo kúlà méjì tó wà lórí tábìlì. Mo ní màá pè ọ́ padà. Mi ò pè ọ́ padà.

Mo ń tẹ àwòrán etí yẹn ṣáá. Ó ń ké. Wọ́n ń bọ́ ọ. Ó ń ké.

Nígbà tí bàbá rẹ dé, mo ní, “Salman, oyin ìdí àgbọn fẹ́ pín. Bí òjò bá dá báyìí, ìyá àgbà á kó àwọn tirẹ̀ jáde. Jẹ́ kí n lọ fi ìda oyin ra inú àpótí òfìfo, kí n gbé e dè wọ́n bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe.” Ó yọ fóònù, ó wò ó. Gíríìnì. Ó ní kí n má ṣèyọnu, Zikrullah á bá wa gbé e. Zikrullah náà ní òun á gbé e, àmọ́ àsìkò ẹja ni, ó gbàgbé. Mi ò bá a wí. Ọkọ̀ ló mọ̀, kì í ṣe oyin.

Òjò dá, ọjọ́ ọjà Ejinrin ló sì bọ́ sí. Kúlúsúmù ẹlẹ́ja, ọ̀rẹ́ mi, ló pè mí. Ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. “Ìyá Ejinrin! Àwọn ọmọ rẹ mà wá ọjà o! Ìwọ nìkan ni ò wá!” Ó ní wọ́n so rọ̀ mọ́ imú ọkọ̀ Zikrullah bí irùngbọ̀n àáfà, àpò gaàrí kún inú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Onígaàrí kan ní òun á fi ìgbálẹ̀ gbá wọn dànù. Kúlúsúmù ní, “Gbá wọn o, ṣebí ìwọ lo ni ojú rẹ.” Nígbà tó yá, wọ́n gbéra, wọ́n gba orí ọ̀sà kọjá, wọ́n wọgbó lọ. Ẹ̀rín wá kúrò lẹ́nu Kúlúsúmù. Ó ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o ṣì ń bọ̀ ṣá? Koríko ti gba ẹnu ọ̀nà rẹ.”

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo wo iná. Gíríìnì. Mi ò sọ pé ẹ̀rọ rẹ purọ́. Ìyá oyin wà nílé lóòótọ́. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún ọmọ, ó ti jáde, ó ti gba ilé. Àgbà tí o fi ọ̀dà tọ́ lẹ́yìn ló ti lọ, kò sì sí iná tó tàn fún un.

Bàbá rẹ dé, mo rò ó fún un. Ó tún yọ fóònù. “Màmá, ẹ wò ó, wọn ò lọ síbì kankan.” Mo ní, “Ìdajì ti lọ, Salman.” Ó ní, “Ìdajì tó kù ńkọ́, ṣé kò tó yín ni?” Kì í ṣe pé ó fi rí mi fín o, ó fẹ́ tù mí nínú ni. Ó tún bu ẹran kún oúnjẹ mi. Mo jẹ ẹ́.

Ní ti oyin, bí ilé bá kún, àgbà ló ń dìde, á fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ, á lọ bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé orúnkún rẹ ńkọ́.

Rodiat gbé bírò sílẹ̀ nísinsìnyí. Ó ní, “Màmá, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ géètì sílẹ̀ fún mi lónìí nítorí aṣọ, ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká dé Itamaga, màá fi yín sí mọ́tò tó ń lọ Ẹ̀pẹ́. Kí wọ́n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ti dé Ejinrin.” Mi ò ní purọ́ fún ọ, ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Rodiat ńkọ́? Bàbá rẹ tó máa wo kámẹ́rà, tí á rí àga lófìfo ńkọ́? Ẹ̀rù tó ń bà á náà nìyẹn. Mi ò ní yọ́ jáde bí olè nínú ilé ọmọ tí mo bí. Òun ló máa gbé mi lọ. Mo ní kí Rodiat máa kọ̀wé ẹ̀.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyí. Bá mi pa ẹ̀rọ yẹn. Gbogbo ẹ̀. Ó ti wá sí mi lọ́kàn pé kí n ní kí o sọ ọ́ di pupa, mo mọ̀ pé o lè ṣe é, ṣùgbọ́n irọ́ nìyẹn, mi ò sì fẹ́ fi irọ́ wọ ilé ọkọ mi. Pa á ni. Bí kò bá ti sí gíríìnì, tí kò sí pupa, wọn ò ní rí nǹkan kan nà sí mi lójú mọ́. Á di dandan kí ẹnì kan lọ wò ó.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ àṣejáde rẹ ló wà nínú ẹ̀, olùkọ́ rẹ á sì bínú. Ohun ńlá ni mò ń bẹ̀ ọ́. Bí mo bá ti débẹ̀, tàn án padà, èmi ni màá máa ṣí àpótí fún ọ. Bí o bá tiẹ̀ ní kí n máa ka oyin lọ́kọ̀ọ̀kan, màá kà á. Kí bàbá rẹ náà gbé kámẹ́rà ẹ̀ wá kọ́ sára igi àgbọn bó bá wù ú. Kó máa wò mí. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni kó ti máa wò mí.

Ọlọ́hun á là ọ́ lójú sí ẹ̀kọ́ rẹ. O ò ní ṣe iṣẹ́ àṣedànù. Ọkọ rere á rí ọ, ilé tí o bá wọ̀ á gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, wàá sì lè jáde níbẹ̀ nígbà tó bá wù ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí bàbá rẹ,
Ìyá Ejinrin, láti Ìkòròdú.

Mo fẹ́ gbàgbé o: bí o bá ti pa á, bàbá rẹ á pè ọ́. Má sọ pé síìmù ló bàjẹ́, má sọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o pa á. Bó bá ní kí ló dé, ní kó wá bi mí. Mo wà nílé. Níbo ni mo fẹ́ lọ?