Sìmẹ́ǹtì Lójú, Amọ̀ Nínú

Ọjọ́rú, 5 Òkúdù 1963. Pobè.
Òjò ọjọ́ kẹta. Ìyá-Ìjà tún ti bẹ̀rẹ̀ — Èjìdé, opó àbúrò mi Ògúnṣínà. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun ń pè mí ní Akọ̀wé láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Nígbà náà, ọ̀wọ̀ ni. Báyìí, èébú. Ó ní ẹní òun rin gbingbin, ògiri yàrá òun ń làágùn. "Akọ̀wé, ẹ mú ìwé yín wá kí ẹ fi nu omi!" Mo ní aṣọ tó ń fọ̀ sídìí ògiri ló fà á. Mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ó lọ sọ́jà. Mo fi ọ̀pá kan ògiri rẹ̀. Ojú rẹ̀ le, ó gbẹ. Ó dún bí akèrègbè òfìfo.

Ọjọ́ Ajé, 10
Bonaventure mọlémọlé dé láti Sakété. Ó ha sìmẹ́ǹtì díẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri. Amọ̀ inú rẹ̀ ń ṣàn bí ẹ̀kọ gbígbóná. Omi ilẹ̀ ń gun amọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ní, sìmẹ́ǹtì ò jẹ́ kó ráyè jáde. Kí a ha gbogbo rẹ̀ dànù, kí a fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ bíi tàtijọ́. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, yóò wó lu ẹni tó bá sùn síbẹ̀.
Èjìdé kọ̀. "Ọwọ́ ọkọ mi ló rẹ́ ẹ. Ẹ sin ín tán, ẹ tún fẹ́ pa iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ rẹ́? Yàrá mi lẹ ń wá!"
Mo ní kí Bonaventure máa lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13
Òjò. Ó sùn síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ògiri ti là dé ẹsẹ̀ fèrèsé. Ó ní sìmẹ́ǹtì lòun á fi dí i.
Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Òmìnira ní 1960, àlejò ń bọ̀ láti Porto-Novo. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. Ògúnṣínà ní amọ̀ ló bá amọ̀ mu. Mo pè é ní ará oko lójú àwọn ọmọ ilé ìwé tí mò ń kọ́. Ó po sìmẹ́ǹtì. Ìtìjú tí mo fi kàn án ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣọ́ bí ohun iyebíye.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀. Kò pariwo — ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó gbé ọkọ́, ó ha ògiri rẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Lẹ́yìn náà ó la àgbàlá kọjá wá síbi ilé mi, èyí tí gbogbo Pobè ń pè ní ilé bíríkì. Ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ kan ògiri yàrá mi.
Akèrègbè òfìfo.
"Bíríkì wo lèyí, Akọ̀wé?"
Ó fi ọkọ́ lé mi lọ́wọ́, ó lọ.