Ẹsẹ̀ Tí Mo Ká

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta
Ọsibítù dá mi sílẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìka ẹsẹ̀ òsì mi méjì kù sọ́hùn-ún — ìtọ̀ ṣúgà ló jẹ wọ́n. Nọ́ọ̀sì tí yóò máa wá wẹ egbò nílé dé lónìí. Telesia ló ń jẹ́. Ọwọ́-Tútù ni mo sọ ọ́. Òun ló fún mi ní ìwé yìí, pé kí n máa kọ bó ṣe ń ṣe mí. Kò ní kà á láé.

Ó ní kí n na ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí. "Màmá, ẹ má jókòó lé e o. Bí dúdú yìí bá kọjá ọrùn ẹsẹ̀, abẹ́ orúnkún ni wọ́n á ti gé e."

Mo gbọ́. N kì í ṣe adití.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ
Pásítọ̀ wá gbàdúrà. Ní erékùṣù Savaiʻi wa níbí, ẹni tó na ẹsẹ̀ sí àlejò ti bú u. Mo ká a sábẹ́ ara mi lórí ẹní, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Wákàtí kan àbọ̀. N ò fajú ro.

Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá
Ọwọ́-Tútù tú bándéèjì. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ń nà án?"

Mo ní mò ń nà án. Irọ́, lọ́jọ́ ogbó mi.

Ó ní bí àlejò bá wà, kí n fi ẹní bò ó, kò sẹ́ni tó máa bínú. Òkú là ń fi ẹní bò.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá
Gbogbo ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dá wà, mo nà án. Ara tù mí, kí n má purọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá
Obìnrin ìjọ mẹ́fà. Fiasili náà wà níbẹ̀ — Ẹnu-Abẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ nà án jàre. Ta lẹ ń ṣe àṣehàn fún?" Ó ń rẹ́rìn-ín.

Moelagi, ìyàwó ọmọ mi, gbé ìrọ̀rí wá. Mo fojú lé e padà sí ilé ìdáná. Wọ́n mu kòkó gbígbóná wa tán kí wọ́n tó lọ. Moelagi ló fà mí dìde.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Ẹsẹ̀ náà ò dùn mí mọ́ rárá. Ó ṣeun.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Dúdú ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ọwọ́-Tútù bá mi lórí ẹní, mo ká a.

"Èmi náà lẹ ń ká a fún? Èmi tó jẹ́ pé torí ẹsẹ̀ yẹn ni mo ṣe wá?"

Mo ní, "Ṣé ilé ẹ nìyí ni? Àlejò ni ẹ́."

Ló bá bú sẹ́kún. Inú bí mi sí ẹkún yẹn. Ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ Ajé ni a ó wọ̀ lọ sí ọsibítù ńlá ní Apia. Wọ́n máa gé e.

Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún
Pásítọ̀ wá gbàdúrà ìrìn àjò. Moelagi tẹ́ ẹní lé ẹsẹ̀ mi. Mo ṣí i dànù. Mo ká ọ̀tún. Òsì kọ̀, kò ká — ó nà gbọọrọ sí pásítọ̀ bí ìtì igi. Gbogbo ilé rí i.

Pásítọ̀ dìde, ó mú ìrọ̀rí tó jókòó lé, ó fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ náà. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò ti máa nà án látọjọ́ yìí?"

Mo bú u nínú ikùn mi. Mo ṣe àmín.