Màmá Ayọ̀níkẹ́ Akínbọ́lá (1953–2025): Ìyá Tó Tọ́jú Kòkòrò Ṣẹ́dà Fún Jùwọ́n

Ìgèdè-Èkìtì ni a ti bí Màmá Ayọ̀níkẹ́ Fọlákẹ́ Akínbọ́lá ní ọdún 1953, sínú ìdílé Bàbá Adélékè, olóko kòkó, àti Màmá Ìyìn tó ń hun kíjìpá. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ òwú ríràn kí wọ́n tó mọ̀wé kà.

Wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ní ọdún 1974. Ní ọdún 1978, wọ́n di aya Olóògbé Akínwálé Akínbọ́lá, òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì fi Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì, ṣe ilé. Olúwa fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí wọ́n fi fẹ̀yìntì ní ọdún 2012. Nínú ìjọ Áńgílíkà, ẹni àyẹ́sí ni wọ́n nínú Ẹgbẹ́ Ìyá.

Ní ọdún 2013, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀. Jùwọ́n, àbíkẹ́yìn Màmá, tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, gbé ẹyin kòkòrò ṣẹ́dà wálé lórí abala ìwé kan. Ó ti gbin igi mọ́líbẹ́rì, tí àwọn kòkòrò náà yóò máa jẹ ewé rẹ̀, sẹ́yìnkùlé láti ọdún tó ṣáájú.

Màmá figbe ta: “Jùwọ́n, inú ilé tí mò ń gbé lo fẹ́ kó kòkòrò sí?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin lẹ sáà mọ òwú, Mọ́mì. Tí mo bá padà sí skúùlù, ẹ bá mi tọ́jú wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tán.”

Nígbà tó ń padà lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014, ìjàmbá ọkọ̀ mú un lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọn kò jẹ́ kí àwọn òbí mọ ojú oórì rẹ̀. Màmá kò sunkún. Bí àwọn abánikẹ́dùn ṣe kún pálọ̀, Màmá dìde, wọ́n lọ já ewé fún àwọn kòkòrò náà.

Láti ìgbà náà, yàrá Jùwọ́n di ilé àwọn kòkòrò. Bí òjò bá rọ̀, Màmá á nu ewé kọ̀ọ̀kan gbẹ, nítorí ewé tútù a máa pa wọ́n. Àwọn kan ní kí wọ́n máa se kòkòrò náà mọ́nú òwú tó ń pọ̀ yí ara rẹ̀ ká, kí okùn rẹ̀ lè gùn. Màmá kọ̀. Wọ́n á dúró kí kòkòrò náà di àfòpiná funfun, kó lu òwú jáde, kó yé ẹyin rẹ̀, kó kú fúnra rẹ̀. Òwú tó kù ni wọ́n á ràn. Ará àdúgbò kan ní àjẹ́ ló ń sin àfòpiná. Màmá gbọ́, wọ́n tún lọ já ewé.

Bàbá Jùwọ́n papòdà ní ọdún 2018. Ní ọdún 2021, ibà dá Màmá dùbúlẹ̀. Dùnmínínú, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá tọ́jú wọn, ó sì fín oògùn ẹ̀fọn sí gbogbo ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kòkòrò kan kò mira mọ́. Dùnmínínú wólẹ̀, ó ń sunkún.

Màmá fà á dìde. “Ìwọ kọ́ lo pa á, ọmọ mi.”

Ó yé gbogbo ilé pé kì í ṣe kòkòrò ni wọ́n ń sọ. Màmá ránṣẹ́ pe Bàbá Olúwarótìmí, àbúrò ọkọ wọn.

“Ọkọ mi, ẹ mú mi lọ síbi tí ẹ sin Jùwọ́n sí.”

“Ìyàwó wa, kò yẹ kí ẹ débẹ̀.”

“Mo mọ̀ pé kò yẹ. Ẹ mú mi lọ.”

Ibẹ̀ ni Màmá ti sun ẹkún ọdún méje. Wọn kò sin kòkòrò mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọ́n ń dárúkọ Jùwọ́n, wọ́n tún ń sọ ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín.

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ Dùnmínínú. Wọ́n fi ọmọ méjì sáyé lọ, Olúwatóbilọ́ba àti Dùnmínínú, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ: Oore-ọ̀fẹ́, Ọmọ́táyọ̀ àti Èyítáyọ̀.

Màmá wa, ẹ kú ìtọ́jú wa. Ẹ sinmi láyà Olúwa. Kò sí iṣẹ́ tí yóò jí yín mọ́.