Bí Bàbá Ṣe Kúrò Nídìí Ẹ̀rọ Ìpọ́n

                                        Ṣọ́ọ̀bù Bàbá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìlapákó,
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara yín le? Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ àbígbẹ̀yìn ti lọ? Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè yín. Bí mo bá pè, ẹkún nìkan lẹ máa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ni. Láti ìgbà tí a ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń bá àwọn agégi pọ́n ṣéènì ayùn ẹlẹ́ńjìnnì. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń tú nọ́ọ̀tù abẹ́ ẹ̀rọ ìpọ́n, kí wọ́n yí ibi tí ṣéènì ń jókòó lé sí ọgbọ̀n dígírì fún eyín apá òsì, kí wọ́n tó tún yí i sí ọgbọ̀n lódìkejì fún ti ọ̀tún. Lọ́dún tó kọjá, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo rí i pé apá kan ń wà ní ọgbọ̀n, èkejì ní ogún. Ayùn tí eyín rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ kì í gé tààrà, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń wọ́ lọ.

Ẹnu mi ò gbà á láti sọ. Bí wọ́n bá ti lọ jẹun ọ̀sán, èmi á tún gbogbo ṣéènì àárọ̀ pọ́n. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, agégi tí gbogbo wa ń pè ní Gbọ́ngbọ́n, tó ti bá mi nídìí ẹ̀rọ rí lọ́sàn-án, wá gba ṣéènì rẹ̀. Bàbá ń yangàn fún un pé ọwọ́ àwọn ò tíì yẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ yín ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, Bàbá. Tí kì í bá ṣe pé ó ń tún un pọ́n lẹ́yìn yín ni..." Ó rí ojú mi, ó sáré gbé ṣéènì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti jáde.

Nígbà tó lọ, Bàbá ní, "Láti ìgbà wo?"

Mo ní oṣù mẹ́rin.

Wọ́n fi àtàǹpàkò wá àmì lára ẹ̀rọ náà, wọ́n yí i, wọ́n ní, "Wò ó. Ṣé ọgbọ̀n nìyẹn?"

"Méjìlélógún ni, Bàbá."

Wọn ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n gbọn eruku irin kúrò lára ẹ̀wù wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "O ò bá ti sọ fún mi. Ǹ bá fọwọ́ ara mi gbé ẹ̀rọ yìí fún ẹ." Wọ́n wá ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sílé. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí ojú náà ṣe bàjẹ́ tó.

Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lánàá. Ó ní ká ní a ti wá ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, òun ì bá rí nǹkan ṣe sí i. Ṣéènì ni mo ń tún ṣe, ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tó yẹ kí n máa wá ìtọ́jú ojú. Bàbá gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú títí a fi délé.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kẹ́ ẹ sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Wọn ò ní kí n pè yín, àmọ́ bí ilẹ̀kùn bá ti dún báyìí, orúkọ yín ni wọ́n máa ń pè.

                                        Èmi àbúrò yín tí ọkàn ẹ̀ gbọgbẹ́,
                                        Abẹ́rẹ́.