Ajá Tí Wọ́n Ní Kí N Gbé Lọ Kánádà

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàsì 2025
Físà ti jáde. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mò ń wo fóònù. N kò rẹ́rìn-ín, n kò sunkún. Láti ọdún mẹ́ta tí Àkàndé ọkọ mi ti wà ní Montréal ni mo ti ń gbàdúrà ọjọ́ yìí. Ó ti wá dé báyìí.
Mo pè é. Ó pariwo, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ló ní, “Tanímọ̀la ńkọ́?”
Tanímọ̀la – ajá wa. Pupa ni, etí kan dúró, èkejì dà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a ṣègbéyàwó ni Àkàndé gbé e wálé, ọmú ìyá rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Kò pẹ́ sígbà náà tí òun fi lọ, tó fi àwa méjèèjì sílẹ̀ ní Tchaourou. Ó wá ń sọ fún mi báyìí pé dandan ni kí n mú ajá dání.
“Ajá? Dé Kánádà?”
Ó ní àwọn èèyàn ń gbé e lọ.
Àwọn èèyàn wo?

Ọjọ́rú, 5 Máàsì
Mo sọ fún Màmá. Ó gbé ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu sílẹ̀. “Ajá á wọ ọkọ̀ òfurufú, àbúrò rẹ Pẹ̀lúmi ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ abúlé Goro?”
Mo mú ọ̀bẹ náà, mo ń bẹ iṣu lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Máàsì
Parakou. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Táksí méjì kọ̀ wá nítorí ajá, ẹ̀kẹta gbà wá, Tanímọ̀la sì bì sí mi lẹ́sẹ̀.
Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi. Ó ní, “Madame, ta ló ni ajá?” Mo ní ọkọ mi ni. Ajá sì gbé orí lé bàtà mi. Dókítà rẹ́rìn-ín: “Òun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o.”
Gbogbo ọ̀nà àbọ̀ ni mo fi ń bínú. Ta ni mò ń bínú sí gan-an? Ajá? Dókítà? Àbí Baálé Fóònù? (Orúkọ tí mò ń pe Àkàndé nínú ìwé yìí nìkan nìyẹn. Inú fóònù ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń ṣe baálé.)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Máàsì
Nafiou tó ń jó irin nítòsí gáàrì, ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra, bá mi ṣe àgò tí ajá máa wọ̀ rìnrìn àjò. Irin gidi. Ọkùnrin méjì gbé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já wọn nídìí. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Baálé Fóònù ní rárá, oníke ni wọ́n ń gbà. Ọkùnrin tó ń bá wa ṣètò ẹrù ní Cotonou tún ní kò burú bó bá jẹ́ igi. Ewo ni kí n gbọ́?
Nafiou ní, “Bọ́n, ó dáa. Tata, àǹtí mi, ẹ fi adìẹ sí i.”
Adìẹ Màmá ti wà níbẹ̀ báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Máàsì
Baálé Fóònù pè. Ṣé ajá jẹun? Ṣé abẹ́rẹ́ ò wú u lára? Ó ní kí n gbé fóònù sí i létí. Ó súfèé, ó ń pè é, “Tanímọ̀la! Tanímọ̀la mi!” Ajá wo fóònù. Ó yí orí. Ó lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga.
“Kí ló ń ṣe?”
Mo ní, “Ó ń ju ìrù.”
Kí ló dé tí mo parọ́?

Ọjọ́ Àìkú, 16 Máàsì
Ìjọ bá mi dúpẹ́ lónìí. N kò mọ ohun tí mò ń ṣe àmín sí.

Ọjọ́rú, 19 Máàsì
Mo wá ajá títí. Ọ̀dọ̀ Tata Bintou ni mo ti bá a – opó tó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, lódì kejì ojú irin. Ó nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò rẹ̀, ó ń sùn bí ọmọ onílé.
“Ó máa ń bá mi lọ oko,” ni Tata Bintou wí. “Bí o bá ti jókòó ti aṣọ, ọ̀dọ̀ mi ni. Mo rò pé o mọ̀.”
N kò mọ̀. Ajá tí gbogbo wa ń dààmú lé lórí, n kò mọ ibi tó ń lọ.

Ọjọ́ Ajé, 24 Máàsì
Ọkùnrin Cotonou pè. Ooru ti pọ̀ jù. Wọn ò ní gba ajá kankan sínú ọkọ̀ òfurufú, ó di ìgbà tí òjò bá rọ̀ dáadáa. Físà mi á ti kú kó tó dìgbà náà.
Mo pe Baálé Fóònù. Mo ròyìn fún un. Ó wá ní, “Dúró de ajá nígbà náà. A ó tún físà béèrè.”
Dúró de ajá.
Mo pa fóònù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Máàsì
Ó pè. Ó tún pè. N kò gbé e. Mo rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà pọ̀ mọ́ra wọn.

Ọjọ́bọ̀, 27 Máàsì
Mo gbé e. N kò tilẹ̀ kí i.
“Àkàndé, ìyàwó lò ń retí, àbí ajá?”
Ó ti ilẹ̀kùn níbi tó wà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: “Dámilọ́lá, ẹ̀rù ń bà mí.”
N kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní ilé kan tí wọ́n ń kó ẹrù dídì sí lòun ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọ́fíìsì tó ń sọ fún wa. Bí òun bá dé, òun á tilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Òun ò mọ bí ọkùnrin ṣe ń jókòó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá kan mọ́. “Ọjọ́ mélòó la bára wa gbé kí n tó lọ? Lórí fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá ti tán, ajá ni mo máa ń béèrè, ìwọ náà á sì rí nǹkan sọ. Bí o bá dé tí ajá ò sí, kí la ó máa sọ?”
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún. Nítorí òótọ́ ni – àwọn ọjọ́ kan wà tí ajá ò ṣe nǹkan kan, tí mo fi hun ìtàn fún un, kí ó má bàa sọ pé ó dàbọ̀. Mo sọ ìyẹn fún un. Òun náà rẹ́rìn-ín.
Ó béèrè bóyá mo ṣì ń bọ̀. Mo ní n kò mọ̀. Kò bínú. Ó ní, “Ó dáa. Rò ó.”
Mò ń rò ó. Ta ni mo fẹ́? Ta ló ń dúró dè mí níbẹ̀?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Máàsì
Mò ń lọ. Mo fẹ́ mọ ọkùnrin tí ẹ̀rù ń bà yẹn. Mo mú Tanímọ̀la lọ bá Tata Bintou. Ó ní, “N kò ní jẹ́ kó wọ yàrá tí mo ti ń kírun o. Ẹnu ọ̀nà ni tirẹ̀.” Mo ní ẹnu ọ̀nà tó.
N kò so ó. Ó tẹ̀ lé mi dé ojú irin, ó dúró. Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn. Mo ní, “Padà.” Ó padà.
Ó wù mí kí ó janpata díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Àpríìlì
Cotonou, pápákọ̀ òfurufú. Màmá dì mọ́ mi nínú ilé, ó kọ̀, kò tẹ̀ lé mi dé gáàrì. Pẹ̀lúmi ló sìn mí dé ibí, ó ti padà sílé.
Àkàndé fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní òun ti ra ìrẹsì, òun ti ra tòmátò, ṣùgbọ́n òun ò rántí bóyá mo máa ń jẹ ata púpọ̀. Ó ní ata tibẹ̀ ò ta. Ó wúkọ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kù sí lẹ́nu, ohùn sì gé.
Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́.
Wọ́n ti ń pè wá. Àwọn èèyàn ti ń tò. Mò ń wá ọ̀rọ̀ tí màá kọ́kọ́ sọ fún un bó bá rí mi, n kò tíì rí i. Ọ̀nà jìn. Bóyá màá rí i kí n tó dé.